Bàbá Tí Kì Í Pe Ẹni Tó Wà Lókè

Ní ìrọ̀lẹ́ tí a kọrin ìdágbére fún Baba, bàbá tó bí bàbá mi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì láti sọ irú ẹni tí olóògbé jẹ́. Bàbá Àkúrẹ́ ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí iṣẹ́ ìjọba ló gbé e lọ sí Àkúrẹ́ tí kò fi padà wá gbé Adó mọ́. Ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe. Ó ní Baba fẹ́ràn ọmọdé, ó fẹ́ràn wọn débi pé ariwo ẹnu rẹ̀ ló já ọmọ-ọmọ rẹ̀ lulẹ̀ láti orí irin eré ilé ìwé, tí ọmọ náà fi ń tiro títí dòní. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ti dárí jì í." Gbogbo ìjọ dáhùn pé, "Àmín."

Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ ohun tó ń bí mi nínú gan-an. N kò bínú pé wọ́n dárúkọ ẹsẹ̀ Táyọ̀, àbúrò mi, níbi òkú. Ẹsẹ̀ náà wà níbẹ̀, gbogbo ayé ló ń rí i. Wọ́n ní Baba jẹ́ "àgbẹ̀ pàtàkì", wọn kò sọ pé akọ̀pẹ ni, bí ẹni pé ojú ń tì wọ́n nítorí ọ̀pẹ tó gùn fi rán Bàbá Àkúrẹ́ fúnra rẹ̀ níwèé. Ìyẹn dùn mí, ṣùgbọ́n mo gbé e mì. Èyí tí n kò le gbé mì ni pé wọ́n bá a gba ìdáríjì lórí ohun tí kò ṣe. Baba kọ́ ló pariwo. Mo wà níbẹ̀. Bí ẹnu ọ̀nà ṣe jìnnà sí àárín pálọ̀ ni mo ṣe jìnnà sí i. Ohùn tó pe Táyọ̀ lọ́jọ́ náà, mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó mọ ohùn ara mi. Mo dìde nínú ìjọ kí n sọ bẹ́ẹ̀, ìyá mi sì di etí aṣọ mi mú láti ẹ̀yìn. Mo jókòó. N kò ní jókòó mọ́.

Akọ̀pẹ ni Baba. Láti ọ̀nà Ìjàn títí dé ọ̀nà Ìgèdè, òun ni àwọn olóko ń wá pè bí ẹyìn bá pọ́n. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, àyà rẹ̀ sì le bí pátákó níbi tí ara ọ̀pẹ ti ń ha á láti ìgbà èwe. Kó tó jẹun àárọ̀, á fa igbà rẹ̀, ìyẹn okùn tí akọ̀pẹ fi ń yí ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ ká, á fà á díẹ̀díẹ̀ láàárín ìka, á máa wá ibi tó ti fẹ́ já, bí obìnrin ṣe ń wá òkúta nínú ẹ̀wà. Bí o bá bá a sọ̀rọ̀ nígbà náà, kò ní dá ọ lóhùn. Bó bá parí, á wò ọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, o ní kí ni?"

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá akọ̀pẹ gbé, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. A kì í pe orúkọ ẹni tó wà lórí ọ̀pẹ. Bí o bá pè é, á yíjú. Bó bá yíjú, ara á tẹ̀lé ojú, igbà á sì yẹ̀. Ńṣe ni wàá rìn lọ síbi tí ojú rẹ̀ á ti bá ọ, wàá kí i jẹ́jẹ́ pé, "Igbà á rọ̀ o." Òun ni yóò pinnu ìgbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀. "Ugbà á rọ̀ o" ni Baba máa ń wí ní tirẹ̀, ní ẹnu Èkìtì rẹ̀ tí kò tún ṣe fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe bíṣọ́ọ̀bù.

Ó mú òfin yìí kúrò ní oko wá sílé. Kì í pe ẹni tó dúró lórí àga tó ń so gílóòbù. Kì í pe ẹni tó tẹ̀ sí ẹnu kànga. Nígbà kan, kápẹ́ńtà kan ń kan páànù ilé wa, àbúrò ìyàwó rẹ̀ sì sáré wọ àgbàlá láti ilé ìwòsàn, ẹnu rẹ̀ ti là: ìyàwó kápẹ́ńtà ti bí ìbejì. Baba fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu obìnrin náà kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde. Obìnrin náà jà, ó bu ìka rẹ̀ jẹ. Baba kò tú u sílẹ̀. Ó dúró tì í lẹ́sẹ̀ àkàbà títí kápẹ́ńtà fi rí wọn, tó fi sọ̀ kalẹ̀ wá béèrè ohun tí àna òun ṣe tí Bàbá fi dì í lẹ́nu. "Ó yá, sọ fún un," ni Baba wí fún obìnrin náà, ó ń fi ṣòkòtò nu ìka rẹ̀. "Mo fẹ́ kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́ ọ ni."

Ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ wọ́. Gbogbo wa la rí i, kò sì sẹ́ni tó béèrè, àfi Táyọ̀, ẹni tí kò mọ ìbéèrè tí a kì í bi àgbà.

"Bàbá, kí ló ṣe yín lọ́wọ́?"

"Mo já lórí ọ̀pẹ. Wọ́n pè mí."

"Ta ló pè yín?"

Baba gbé ọwọ́ náà sókè, ó wò ó bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ín.

"Ẹni tó fẹ́ràn mi ni," ló wí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ẹni jẹ́jẹ́ ni Baba níbi ọ̀rọ̀ eré ọmọdé. Rárá o. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó rọrùn fún wọn láti dì í lẹ́bi. Nígbà náà, a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn sójà ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún alágbádá, àwọn àgbàlagbà ń jiyàn òṣèlú níwájú ilé gbogbo, àwa ọmọdé sì ń wá ibi tí a ó ti ṣubú. Àpáta ńlá kan wà lẹ́yìn àdúgbò wa tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. A ó jókòó sí ìdí imọ̀ ọ̀pẹ tútù, a ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, a ó sì fi àpáta náà ṣe ọ̀nà títí dé inú koríko ìsàlẹ̀. Ta ló ń gé imọ̀ náà fún wa? Baba ni. Á gbé e délé lórí ẹyìn, á pín in bí ẹní pín ẹran ọdún, á yan èyí tó nípọn fún ẹni tí ṣòkòtò rẹ̀ bá ti gbó jù.

A máa ń ká ara wa sínú táyà lọ́rì, kí àwọn ẹgbẹ́ wa tì wá láti orí òkè. Ayé á máa yí, ọ̀run á máa yí, a ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu gọ́tà, a ó bì, a ó nu ẹnu, a ó tún tò sẹ́yìn de ìgbà tó máa kàn wá. Baba á dúró lẹ́bàá ọ̀nà, á máa rẹ́rìn-ín débi tí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà kan tí igbà rẹ̀ gbó, ó fi so jangirọ́fà fún wa sára igi máńgòrò inú àgbàlá. Èmi ni mo wà lórí rẹ̀ nígbà tó já. Inú ebè kókò ìyá mi ni mo sọ̀ sí, gbogbo ẹ̀yìn mi bó.

Ìyá mi ti Ọjà Ọba dé, ó bá mi níbi tí wọ́n ti ń fi omi gbígbóná tẹ̀ mí. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ló ń tà nígbà náà. Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó fà mí lọ́wọ́ lọ bá Baba lórí bẹ́ńṣì.

"Bàbá, ẹ wo ẹ̀yìn ọmọ yìí."

"Mo ti wò ó. Ẹ̀yìn ọmọ náà ló wà níbẹ̀."

"Ẹ ó pa wọ́n fún mi, Bàbá. Ẹ ó pa wọ́n kí bàbá wọn tó ti Kàdúná dé."

"Ìyàwó, ọmọ tí kò bá ṣubú rí kò mọ ibi tí ilẹ̀ wà."

"Tó bá mọ ilẹ̀ tán, tí ilẹ̀ ní kó dúró ti òun ńkọ́?"

Baba wo ilẹ̀, ó wo ìyá mi. Mo ti rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n pàdánù níwájú obìnrin tí wọ́n wá ń pariwo. Baba rẹ́rìn-ín. "O ti jàre," ló wí. "Fún mi lómi."

Ó yẹ kí n sọ ohun tí ìyá mi jẹ́ nínú ilé náà, nítorí láìsí ìyẹn, ohun tí Baba ṣe kò ní yé ẹnikẹ́ni. Ọmọ Ìjàn ni, ọmọ ìjọ Àgùdà. Ṣọ́ọ̀ṣì Pùròtẹ́sítáǹtì ni ilé wa ń lọ láti ayé àwọn bàbá ńlá wa. Bàbá Àkúrẹ́ kò fẹ́ ẹ. Ó sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé e wọlé, ó tún sọ ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n gbé e wọlé tán. Iṣẹ́ rélùwéè gbé bàbá mi lọ sí Kàdúná, Kérésìmesì nìkan la sì ń rí i. Lọ́dún kan, ibà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Táyọ̀ lọ. Bàbá Àkúrẹ́ wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá mi pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́, ó ní, "Ìyàwó, jẹ́ kó yé ọ. Bí ohunkóhun bá ṣe ọmọ wa lọ́wọ́ rẹ lẹ́ẹ̀kejì, Ìjàn ni wàá ti máa gbọ́ ìròyìn wọn." Mo wà lórí ibùsùn kan náà pẹ̀lú Táyọ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Baba náà gbọ́, láti àárín pálọ̀.

Baba ti sọ mí ní Lọ́yà nígbà náà, tipẹ́tipẹ́ kí n tó dé yunifásítì kankan. N kì í gbàgbé ẹni tó rẹ́ mi jẹ níbi eré. Mo le sọ ẹni tó fò mí lórí ìlà ní ọjọ́ Ajé, aṣọ tó wọ̀, àti ẹni tó rí i tí kò wí nǹkan. Màá kó gbogbo rẹ̀ lọ bá Baba. "Lọ́yà, ta la tún fẹ́ gbé lọ sí kóòtù?" Á gbọ́ ọ tán pátápátá, kò ní já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi, á sì dá mi láre. Nígbà tí mo bá wá dúró tí mo ń retí kó dìde lọ na ọmọ náà, á bi mí pé, "Ẹjọ́ tí o ti jàre rẹ̀ yìí, kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Ilé ìwé wa ló kù tí n kò tíì rò. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ohun mẹ́ta ló wà ní pápá eré. Èkíní ni irin pẹlẹbẹ tí a fi ń yọ̀ wálẹ̀, tí a sọ ní Jáṣòkòtò. Oòrùn ọ̀sán á mú un gbóná débi pé ẹni tó bá yọ̀ lórí rẹ̀ kò ní jókòó ní kíláàsì. Èkejì ni ìdí lọ́rì, irin tó ń yí táyà ẹ̀yìn, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tí wọ́n jó irin mọ́ kí a le gùn ún yípo. Òyì ni a ń pe ìyẹn. Ẹ̀kẹta ni jangirọ́fà, òun la fẹ́ràn jù: òpó irin méjì, ọ̀pá kan tó gba òkè wọn kọjá, àti ṣéènì lọ́rì tó ń já ènìyàn ní ìka bí akàn. Àwọn akíkanjú kì í jókòó lórí pákó rẹ̀. Wọ́n á gun òpó dé òkè, wọ́n á sì rìn lórí ọ̀pá náà láti òpó kan dé èkejì, apá wọn méjèèjì nínà bí ti ẹyẹ. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, àtẹ́lẹsẹ̀ mi máa ń tutù. Síbẹ̀ n kò tíì mọ ayọ̀ tó tó ti ọmọ tó dé òpó kejì.

Kọnkéré ni wọ́n fi gbé àwọn òpó náà ró. Wọ́n jẹ́ kó yọ sókè ju ilẹ̀ lọ, etí rẹ̀ mú bí etí àkàsọ̀. Hẹdimásítà ṣèlérí níwájú gbogbo òbí pé òun á kó yanrìn bò ó kí òjò tó dé. Òjò dé, òjò lọ, yanrìn kò dé. Mo ń kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kò sẹ́ni tó tún béèrè yanrìn mọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ìgbà eré ọ̀sán, Baba máa ń gba ìta pápá náà kọjá bó bá ń ti oko bọ̀, igbà rẹ̀ lọ́rùn, àdá rẹ̀ lábẹ́ abíyá. Á dúró. Á wo gbogbo wa lókè. "Ugbà á rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ." Gbogbo wa á dáhùn pé, "Ó rọ̀, Bàbá." Àwọn tíṣà a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní ìran akọ̀pẹ. A kò mọ̀ pé èébú ni.

Lọ́jọ́ náà, Táyọ̀ wà lórí ọ̀pá. Ó ti dé àárín. Èmi wà lórí ìlà, mo ń wò ó. Baba dé, ó rí i, ó sọ àdá kalẹ̀. N kò rí i kó sọ àdá kalẹ̀ rí. Ó rìn lọ síwájú, díẹ̀díẹ̀, títí ojú Táyọ̀ fi bá a. Ó ní, "Ugbà á rọ̀ o." Ohùn rẹ̀ kéré débi pé èmi tí mo wà nítòsí fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́. Táyọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ó rọ̀, Bàbá." Ó gbé ẹsẹ̀ kan.

Ìyá mi ń ti Ọjà Ọba bọ̀, agbọ̀n lórí. Ó gbójú sókè, ó rí ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀run. Ó kígbe pè é.

Táyọ̀ yíjú.

N kò ní sọ bó ṣe dún. Etí kọnkéré ló fi itan ọ̀tún balẹ̀ lé. Nígbà tí mo fi débẹ̀, Baba ti wà lórí eékún, ó ti gbé orí Táyọ̀ lé apá, ó ń sọ fún un pé kó má mira. Ìyá mi dúró lórí títì, ìrẹsì tó ṣẹ́kù nínú agbọ̀n ti dà yí i ká. Àwọn tíṣà sáré jáde. Hẹdimásítà wo òpó, ó wo kọnkéré, ó sì yára wá ẹlòmíràn tí ojú gbogbo ènìyàn á lọ sí.

"Ta ló pariwo pe ọmọ yìí?"

Mo rí ìyá mi. Ó ti la ẹnu. Ọ̀rọ̀ ti dé ètè rẹ̀. Baba kò gbójú sókè.

"Èmi ni," ló wí.

Bàbá Àkúrẹ́ dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó jókòó sí pálọ̀, ó pe gbogbo ilé jọ, ó bi Baba ní ìbéèrè kan ṣoṣo, Baba sì fún un ní ìdáhùn kan náà. Kò bi èmi. Kò bi ọmọ kankan nínú àwọn tó wà lórí ìlà. Kò bi hẹdimásítà léèrè yanrìn. Ó ti ní ohun tó ń wá. Ìyá mi dìde láti ìdí ògiri, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ sọ..."

"Ìyàwó," ni Baba wí, "omi."

Ó lọ bu omi wá. Nígbà tó dé, ó tún la ẹnu. Baba ní omi náà kò tutù, kó lọ bu tinú àmù. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe é títí Bàbá Àkúrẹ́ fi dìde.

Èmi ò le dákẹ́ ní tèmi. Mo lọ bá a lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń wá ibi tí igbà rẹ̀ ti fẹ́ já. Mo ní, "Bàbá, ẹ purọ́. Màámi ló pè é." Ó fi okùn sílẹ̀. Ó fà mí mọ́ra, òórùn ẹyìn àti òógùn ń rùn lára rẹ̀. "Lọ́yà," ló wí, "ẹ̀rù ló pè é, ìyá rẹ kọ́. Bí o bá fẹ́ pe ẹnìkan lẹ́jọ́, lọ mú ẹ̀rù."

Ohun tí "èmi ni" gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyí. Bàbá Àkúrẹ́ pàṣẹ pé àwa ọmọ kò gbọdọ̀ bá Baba lọ sí oko mọ́, pé kó má ṣe dá àwa nìkan mú lọ síbikíbi. Nínú ilé tí Baba fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ló ti gbọ́ ọ. Ilé ìwé tú àwọn irin náà, wọ́n kó wọn lọ, wọ́n sì sọ fún àwọn ọmọ pé Bàbá akọ̀pẹ ló fà á. Àwọn ìyá àdúgbò ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn bó bá ń kọjá. Ó ṣì gé imọ̀ ọ̀pẹ wálé lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìgbà náà. Ó tò ó síwájú ilé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó jókòó tì í. Mo rí àwọn ọmọ lókèèrè, wọ́n ń wo imọ̀, wọ́n ń wo ìyá wọn. Kò sẹ́ni tó wá. Nígbà tí imọ̀ náà gbẹ, ó fi dáná. Mo bi í bóyá ó ń dùn ún. Ó ní, "Ọwọ́ mi ló ń wá ẹni tí yóò pín in fún."

Ó pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. A dàgbà, bàbá mi kú sí Kàdúná, mo kàwé jáde, Táyọ̀ di télọ̀ ní Ìgèdè, ó ń fi ẹsẹ̀ tó gùn tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. Bàbá Àkúrẹ́ ń wá ní ọdọọdún, kò sì sí ọdún tí kò rọra ta Baba lọ́rọ̀ nípa ẹsẹ̀ yẹn, nínú àdúrà ni o, tàbí nínú àwàdà. Baba á ní, "Àmín," tàbí kó rẹ́rìn-ín. Àìsàn rẹ̀ kò gùn. Ìyá mi ló tọ́jú rẹ̀. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bọ́ ọ. Nígbà tí mo délé, mo bá ìyá mi níbi tó ti di ọwọ́ wíwọ́ Baba mú, tó ń fi ìka pa á.

Wàyí o, ọjọ́ ìdúpẹ́. A ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ti jẹ iyán tán, ìdílé nìkan ló kù ní pálọ̀ Baba. Ibojì rẹ̀ wà níta níbẹ̀, sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kò tíì gbẹ dáadáa. Bàbá Àkúrẹ́ nu ẹnu rẹ̀.

"Táyọ̀, dìde. Lọ síbi ibojì yẹn, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ fún Baba pé o ti dárí jì í. Ẹni tó gbé ẹ̀bi lọ kì í sinmi."

Táyọ̀ di apá àga mú. Èmi mọ àbúrò mi: ó le lọ, kí ilé ṣáà tòrò. Ó ti fa ẹsẹ̀ náà sábẹ́ ara rẹ̀ kó le dìde nígbà tí ìyá mi sọ̀rọ̀ láti ìdí ògiri.

"Jókòó, ọmọ mi."

"Ìyàwó," ni Bàbá Àkúrẹ́ wí, "ọ̀rọ̀ ọmọ ilé là ń sọ."

"Mo mọ̀, sà. Ọ̀rọ̀ mi ni. Bàbá kọ́ ló pè é. Èmi ni. Mo ń ti ọjà bọ̀, mo rí ọmọ mi lókè, mo pè é."

Bàbá Àkúrẹ́ yọ gíláàsì, ó tún fi í sójú.

"Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi ibi tí n ó ti máa gbọ́ ìròyìn àwọn ọmọ mi, sà."

Kò retí èsì. Ó yíjú sí Táyọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀, ìyá, níwájú ọmọ. Táyọ̀ di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú kí eékún rẹ̀ tó kan ilẹ̀.

"Mo mọ̀, Màámi," ló wí. "Mo ti mọ̀ kí n tó dé ilẹ̀. Ta ló tún ń pè mí ní Àkànní?"

Bẹ́ẹ̀ ni. Òun nìkan ló ń pè é ní oríkì rẹ̀. Gbogbo ayé ìyókù, Baba náà pẹ̀lú, Táyọ̀ ni. Ìyá mi di apá rẹ̀ mú, kò le sunkún, ńṣe ló ń mí bí ẹni tó gun òkè.

"Kí ló dé tí ìwọ náà kò sọ?" ni mo bi í. Ohùn mi le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

"Baba ló ní kí n má sọ," ni Táyọ̀ dáhùn. "Nígbà tí mo wà lórí ibùsùn. Ó ní bí wọ́n bá bínú sí òun, òun ṣì wà nílé òun. Bí wọ́n bá bínú sí Màámi, Màámi á lọ."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bàbá Àkúrẹ́ náà rò bẹ́ẹ̀. Ó gbọn ẹ̀wù, ó ní, "Ó dáa. Ó ti yanjú. Ọ̀rọ̀ ilé kì í jáde."

"Inú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ti sọ ọ́, sà," ni mo wí. "Ó ti jáde."

"Baba ti kú. Kí lo tún ń wá?"

"Kí ẹ lọ gba àmín yẹn padà lọ́wọ́ wọn."

Ó pòṣé. Ó ní ìwé tí wọ́n rán mi lọ kà ti bà mí jẹ́. Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, ó gba Àkúrẹ́ lọ. Mo lọ bá àlùfáà. Ó ní olórí ẹbí nìkan ló le tún ọ̀rọ̀ ẹbí sọ nínú ìjọ. Di bí mo ṣe ń kọ èyí, olórí ẹbí kò tíì padà wá, gbogbo àwọn tó ṣe àmín náà sì ń kí mi lọ́nà pé kú ará fẹ́ra kù, pé Ọlọ́run á tẹ́ Baba sí afẹ́fẹ́ rere pẹ̀lú àṣìṣe rẹ̀.

Mo sọ fún ìyá mi pé n ó kọ ọ́ jáde. Mo ní n kò ní dárúkọ rẹ̀, pé n ó kọ "ẹnìkan" síbi tó yẹ kí n kọ "ìyá mi", kí n ṣáà ti gba Baba sílẹ̀. Ó ń ká àwọn aṣọ Baba sínú àpótí. Ó ká ṣòkòtò oko rẹ̀, ó tẹ́ ẹ lé ìyókù lórí, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó dọ́gba.

"Kọ ọ́ bó ṣe rí," ló wí. "Bàbá ti gbé mi pẹ́ tó. Jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀."